"Ẹ Máa" àti "Ẹ Má": Lámèyítọ́ lórí Lílo Ọgbọ́n Àtọwọ́dá fún Ìkéde Ètò Ìlera ní Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ èdè tí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ìlera wò, pàápàá nígbà tí èdè náà bá jẹ́ Yorùbá. A mú Kado, ní Abuja, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere. Irọ́ tí ẹ̀rọ lè pa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Èrò tiwa ni pé òótọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá kọ láìfi àmì tó yẹ sí i lè pa ènìyàn lára bákan náà, àti pé àwọn olùkọ́ èdè ni wọ́n wà ní ipò láti dènà rẹ̀.

Ìfáàrà

Olú-ilé-iṣẹ́ NCDC, àjọ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, wà ní Jabi, ní Abuja. Kado kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá wọ ọjà ẹja Kado yóò gbọ́ Gbagyi, Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti Píjìnì kí ó tó ra ẹja tán. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ náà kí ìjọba ológun tó ṣòfin ní oṣù Kejì ọdún 1976 pé ibẹ̀ ni olú-ìlú yóò wà. Àwa yòókù wá bá wọn níbẹ̀ ni. Ọ̀nà láti Jabi sí Kado kò gùn, àmọ́ ọ̀nà láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìkéde ìlera dé etí ẹni tí ìkéde náà wà fún gùn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ẹnì kan tí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Kado: ìyá àgbà tó ti Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò gbọ́ Hausa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó ní fóònù, ó ní WhatsApp, ó sì lè ka Yorùbá nítorí pé ó ti ń ka Bíbélì tàbí ìwé àdúrà láti kékeré. Bí ìyá ọmọ bá padà sí ibi iṣẹ́, ìyá àgbà yìí ló ń pinnu ohun tí ọmọ yóò mu. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé lè jẹ́ Tiv, ó lè jẹ́ Igala. Bí nọ́ọ̀sì yìí bá fẹ́ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀rọ ló sún mọ́ ọn jù: yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ di Yorùbá, yóò sì fi í ránṣẹ́. A kò rí ohun tó burú nínú èrò nọ́ọ̀sì náà. Ohun tí a ń bi léèrè ni irú Yorùbá tí ìyá àgbà yóò rí gbà.

Ohun tó ti wà nílẹ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni a ń sọ. Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé S.A.R.A.H. jáde: àwòrán obìnrin kan tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, tó ń dáhùn ìbéèrè lórí oúnjẹ, sìgá, ìrònú ọkàn àti eré ìdárayá ní èdè 8. Kò sí Yorùbá, Hausa tàbí Swahili nínú mẹ́jọ náà. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn oníròyìn ti rí i pé S.A.R.A.H. ń fún ènìyàn ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn ní San Francisco, tí kò sì sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún kan náà, WHO fúnra rẹ̀ ti gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí lílo irú àwọn ẹ̀rọ báyìí fún ìlera, ó sì kìlọ̀ pé wọ́n lè sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ bí ẹni pé òtítọ́ ni.

Nílé níbí, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé Nàìjíríà yóò ní ẹ̀rọ onímọ̀ èdè tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n gbé N-ATLAS jáde, tó gbọ́ Yorùbá, Hausa, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́. Inú wa dùn sí i. Ó sàn kí a ní ẹ̀rọ tí a lè bi léèrè ọ̀rọ̀ ní Abuja ju èyí tí olówó rẹ̀ wà ní ìlú òkèèrè lọ.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀rù irọ́ ló gba iwájú. A gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì ka ìkéde náà gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Ó kàn wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ìdí rẹ̀ sọ ni, ó sì fi ọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.

Gbólóhùn kan

Ìmọ̀ràn tí WHO ń fún àwọn abiyamọ káàkiri ayé ni pé kí wọ́n fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà, láìfún un ní omi, láìfún un ní àgbo. Kò sí olùkọ́ ìlera tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí lójú fóònù nígbà tí ẹnì kan bá sọ ọ́ di Yorùbá tí kò fi àmì sí i:

E ma fun omo lomi titi yoo fi pe osu mefa.

Ẹni tó kọ ọ́ ní i lọ́kàn pé "Ẹ má fún ọmọ lómi." Ìyá àgbà lè kà á sí "Ẹ máa fún ọmọ lómi." Àwọn lẹ́tà kan náà ni, àṣẹ méjì tó tako ara wọn sì ni. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ẹni tí yóò ṣi méjèèjì gbọ́: ohùn òkè kan ṣoṣo ni "má", "máa" gùn, ó gbé ohùn àárín lé ohùn òkè. Nínú ìwé tí kò ní àmì, tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ń kánjú, "ma" ni wọ́n ń kọ fún àwọn méjèèjì.

Kí ni yóò mú ìyá àgbà yan ọ̀kan nínú méjèèjì? Ohun tó ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ọmọ tó ti tọ́ ló fún lómi. Ooru oṣù Kẹta ní Abuja kì í ṣe kékeré, òùngbẹ ń gbẹ òun alára, ọmọ sì ń ké. Yóò ka "máa", ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé àwọn dókítà náà ti wá gba òun gbọ́. Bí omi náà bá jẹ́ omi tí kò mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló kàn. Ẹ̀rọ kò parọ́, nọ́ọ̀sì kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kò ṣàìgbọràn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwádìí irọ́ kankan tó lè rí àṣìṣe yìí mú.

Àwọn tó ṣe àkọtọ́ Yorùbá ní ayé àtijọ́ mọ ìṣòro náà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ ọdún 1974 tó dé, "mã" ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àmì gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí fáwẹ̀lì náà. Ìgbìmọ̀ ọdún 1974 ní kí a kọ fáwẹ̀lì méjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ "máa" àti "oògùn" lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ fi kọ́ Yorùbá kì í ṣe ìwé ìgbìmọ̀. Ohun tí ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí àwa fúnra wa kọ láìfi àmì sí i. MENYO-20k, ọ̀kan nínú àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onímọ̀ fi ara balẹ̀ ṣe, kò ju bí 20,000 gbólóhùn lọ; ìdíje wo ni ìyẹn lè bá òkun Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Lóòótọ́, àwọn ẹ̀rọ tuntun ń fi àmì sí Yorùbá wọn. Wọ́n ń fi òmíràn sí ibi tí kò yẹ, ìyẹn sì lè burú ju àìfi sí i rárá lọ, nítorí pé ẹni tó rí ọ̀rọ̀ tí àmì kún orí rẹ̀ máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́.

Owó náà tún wà nínú rẹ̀, a kò sì gbọ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní àpérò. Àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù kan, ìyẹn SMS, lè gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àwọn èyí tí ètò fóònù mọ̀ láti ìpìlẹ̀. "Ẹ", "ọ", "ṣ" àti "á" kò sí nínú wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, 70 lẹ́tà péré ni yóò gbà, ìyókù yóò sì di àtẹ̀jíṣẹ́ kejì àti ìkẹta. Lẹ́tà bíi "ẹ̀" tilẹ̀ ń jẹ àyè méjì. Ẹni tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì yọ àmì kúrò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀lẹ ló ń mú kí Yorùbá lórí fóònù wà ní ìhòhò. Iye owó rẹ̀ wà lára ìdí.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. "Ẹ kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lómi" kò ṣeé ṣì kà. Ẹ yọ gbogbo àmì rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní "e ko gbodo fun omo lomi", ìyísódì rẹ̀ ṣì dúró digbí. Àwọn kan yóò dábàá "ẹ má ṣe". Ó sàn ju "ẹ má" lásán lọ, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà náà ń bọ́: "e ma se" lè jẹ́ "ẹ má ṣe", ó sì lè jẹ́ "ẹ máa se", ìkéde onígbá méjì sì kún fún omi tí a ní kí wọ́n máa se kí wọ́n tó mu ún. "Kò gbọ́dọ̀" ni kí a máa lò. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE lè kọ́ láàárín wákàtí kan nìyí, ẹ̀rọ kò sì lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé àmì yóò bọ́ lójú ọ̀nà.

Orúkọ àrùn

Yorùbá tí ìlera ń lò ní orúkọ tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹni tó bá gbọ́ "àrùn onígbá méjì" ti gbọ́ àmì àrùn náà nínú orúkọ: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. "Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀" sọ ohun tí polio ń ṣe sí ọmọdé, ó sì ya àrùn náà sọ́tọ̀ kúrò lára "rọpárọsẹ̀" tó ń mú àgbàlagbà. Ẹ̀rọ tó bá fi "rọpárọsẹ̀" dípò polio ti sọ fún àwọn òbí pé àrùn bàbá àgbà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wà fún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ tí a jogún ló dára, ibí yìí ni a ti yàtọ̀ sí àwọn tó rò pé ká sáà ti fi ìwé àtijọ́ kọ́ ẹ̀rọ. A ń pe éèdì ní "àrùn kògbóògùn" láti ìgbà tí kò tíì sí oògùn rẹ̀ ní àrọ́wọ́tó. Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè gbó, kí ó tọ́, kí ó sì bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà. Síbẹ̀, ìkéde kan lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ lọ gba oògùn àrùn kògbóògùn yín." Gbólóhùn náà ta ko ara rẹ̀. Orúkọ ti sọ pé kò gbóògùn, ìmọ̀ràn ní kí wọ́n lọ gba oògùn. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń lò fún kòkòrò náà, "apa-sójà-ara", dára jù ú lọ fíìfíì: ó ṣàlàyé ohun tí kòkòrò náà ń ṣe, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ikú. Ẹ̀rọ yóò yan "kògbóògùn" nítorí pé òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí ó kà. Ohun tó pọ̀ jù ló ń yàn, kì í ṣe ohun tó yẹ jù. Ìtàn Èṣù ti kọ́ wa ní èyí: àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ òrìṣà náà dípò Sátánì, Google Translate jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìwé, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ọmọ Yorùbá, tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún wà lára wọn, fi ń jà lé e lórí.

Àjẹsára HPV ló fi ìṣòro orúkọ hàn jù lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yìí. Abuja wà lára ìpele kìíní, pẹ̀lú Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun. Àwọn ìpínlẹ̀ tó kù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Àhesọ tó ń tẹ̀ lé e kiri ni pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ní Yorùbá, ibi tí jẹjẹrẹ yìí ń mú ni ẹnu ilé-ọmọ. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, bí àwọn ẹ̀rọ ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe: "abẹ́rẹ́ ilé-ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin." Kò sí irọ́ tó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àhesọ ti rí ilé gbé. Ilé ọmọ, abẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: òbí wo ni kò ní fura? Àrùn ló yẹ kó ṣáájú: "àjẹsára tí kò ní jẹ́ kí jẹjẹrẹ mú wọn bí wọ́n bá dàgbà", kí a tó wá sọ ibi tí jẹjẹrẹ náà ń mú. Ètò ọ̀rọ̀ nìkan ni a yí padà. Ẹni tó mọ ohun tí àwọn ìyá ń bẹ̀rù ló lè yí i, nítorí ìbẹ̀rù náà kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ẹ̀rọ.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "o" àti "ẹ", nítorí náà ẹ̀rọ lè sọ fún ìyá àgbà pé "Fọ ọwọ́ rẹ." Ìyá àgbà kò ní kú nítorí rẹ̀. Yóò kàn gbà pé ọmọdé ni kò kọ́ ilé ló ń bá òun sọ̀rọ̀, kò sì ní ka gbólóhùn kejì.

Ìwọ̀n náà nìyí. Nínú ìlànà omi iyọ̀ àti ṣúgà tó wọ́pọ̀ káàkiri ayé, lítà omi kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ àti ṣíbí ṣúgà mẹ́fà. Ní Nàìjíríà, ìgò ọtí bíà tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá, ìyẹn kò sì tó lítà kan. Ẹ̀rọ tó bá fi ìgò dípò lítà nítorí pé "ìgò" dùn létí jù, tí kò sì tún ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ ṣe, ti sọ iyọ̀ di púpọ̀ jù fún ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí ìkéde kúkú darí ìyá sí ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti ilé ìwòsàn.

Àhesọ mọ̀ ọ́n sọ

Ọ̀rọ̀ lílámèyítọ́ sí kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó. Kí ó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá tí WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́, ènìyàn mẹ́jọ ti kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó dá ọkùnrin náà dúró sí ilé ìwòsàn, wà lára wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìpè fóònù àti àtẹ̀jíṣẹ́ gba orílẹ̀-èdè kan láàárín òru kan: kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìròyìn jáde láti Jos pé ènìyàn méjì kú nídìí rẹ̀, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn.

Bí a bá ka àhesọ yẹn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, a ó rí i pé ó dára ju ìkéde ìjọba ìgbà náà lọ. Ó ní àkókò: kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ohun tó wà nínú gbogbo ilé ìdáná. Ó ní ìṣe tó rọrùn, tí òùngbọ́ lè ṣe lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè owó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá ìyàwó ló pe ènìyàn lóru, ní èdè ilé, pẹ̀lú ohùn tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Ìkéde ìjọba ní àmì ìjọba lórí, ó sì ní nọ́ńbà tí a ó pè. Ta ni yóò fi ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ torí nọ́ńbà?

Lọ́dún 2014, ènìyàn ló ń fi ohùn ara rẹ̀ pe ènìyàn. Lónìí ẹ̀rọ lè ṣe ohùn náà. A ti ń rí fídíò tí wọ́n fi ojú àti ohùn àwọn olùka ìròyìn tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ṣe, kí wọ́n lè fi ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní ìdí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń mọ Yorùbá sọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì yóò ṣe máa rí Yorùbá lò sí i; N-ATLAS tí inú wa dùn sí kò lè mọ ọwọ́ tí yóò lò ó. Èyí kì í ṣe ìdí láti má kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá. Ìdí ni pé kí Yorùbá ìkéde òótọ́ dára débi pé ìyá àgbà yóò fẹ́ràn rẹ̀ ju ti oníjìbìtì lọ.

Ta ni yóò kà á kí ó tó jáde?

Ìlànà èdè orílẹ̀-èdè tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Abuja pé ìjọba ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìpinnu náà jáde nítòsí ìgbà tí ìjọba kan náà, ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ń yọ̀ pé ẹ̀rọ ti gbọ́ èdè wa. A rò pé ó yẹ kí àpérò olùkọ́ sọ èyí síta láìfi bò: ìjọba tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá, tó sì ń dín Yorùbá ọmọ kù, ń ṣe ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè yẹ̀ wò lẹ́yìn ogún ọdún. Ọmọ tí kò kọ́ àmì ohùn ní kíláàsì kò ní rí i nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣì í fi sí i.

Ohun tí a ń béèrè kò tóbi. Kí ìkéde ìlera kankan tí ẹ̀rọ bá kọ ní Yorùbá má jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan kà á sókè, kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ padà, kí ẹni tó kà á sì fi orúkọ àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kíkà sókè ṣe pàtàkì, torí ojú lè fo "má" àti "máa", etí kò ní fo ó. Àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lè fi irú ìkéde tí kò ní àmì sínú ìdánwò àkọtọ́ dípò gbólóhùn inú ìwé tí kò kan ẹnikẹ́ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí i, kí ó sì sọ ẹni tí ìkéde náà lè pa lára bí òun bá ṣì í. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìlera wà nínú ọgbà kan náà. A kò mọ ìdí tí ẹ̀ka méjèèjì kò fi ní jọ máàkì rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bí owó bá wà fún ẹ̀rọ, tí owó wà fún ilé-iṣẹ́ fóònù, kí owó wà fún ẹni tó ń kà á pẹ̀lú, kí àjọ tó ń ránṣẹ́ sì san owó àtẹ̀jíṣẹ́ kejì àti ìkẹta tí àmì ń fà.

Ní ti Gbagyi, kò sí nínú èdè tí N-ATLAS gbọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n bí sí Kado kí Abuja tó di olú-ìlú ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera ní Hausa tàbí Píjìnì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà ní Zuba ló sún mọ́ wọn jù. A dábàá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkójọ orúkọ àrùn ní Gbagyi níbẹ̀, lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin, kí ẹ̀rọ tó dé láti wá sọ orúkọ fún wọn.